Àtẹ̀jíṣẹ́ Bàbá Mi Nípa Òkúta Abẹ

Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ péré ni bàbá mi tẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù: "Eyi ti ko mu ni ki o ra." Kò sí àmì ohùn lórí ìkankan nínú wọn. Mo dúró sí etí títì ní Okokomaiko, níwájú àtẹ ìyá kan tó ń ta irinṣẹ́. Fóònù wà lọ́wọ́ mi kan, òkúta ìpọ́nrin wà ní ìkejì, mo sì ka ọ̀rọ̀ náà bí ìgbà mẹ́rin. Ọmọ mi obìnrin pé ọjọ́ mẹ́fà láyé lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹjọ, bàbá mi yóò fi abẹ fá irun orí rẹ̀.

Ọdún méje ni èmi àti ìyàwó mi fi wá ọmọ náà. N kò ní ka gbogbo ilé ìwòsàn tí a dé, n kò sì ní ka àdúrà. Ọlọ́run tó ń fún ẹni tó bá wù ú ló fún wa, Alihamudulilahi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi yára dé ju bí a ṣe ń retí rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, orí rẹ̀ kò ju ọsàn ńlá kan lọ, irun dúdú sì bò ó wá sí iwájú orí. Láàárín irun náà, àwùjẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sódò, bí ẹni pé ọkàn rẹ̀ ti gòkè wá gbé ibẹ̀. Ojú ìyàwó mi kì í kúrò níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni. Ó mọ ohun tó wà lábẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Onígbàjámọ̀ ni bàbá mi ní Ọ̀jọ́. Kí kílípà tó gba gbogbo òpópónà, abẹ rẹ̀ ni àwọn ọkùnrin àdúgbò wa fi ń fárí, òun náà ni wọ́n sì máa ń pè láti fá orí ọmọ tuntun lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti là á sílẹ̀. Kì í ṣe bíléèdì tí à ń lò sọ nù ni mò ń wí. Abẹ gidi ni, tó ń ká wọ inú èkù rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tín-ín-rín débi pé bí o bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, o kò ní rí ibi tó parí sí. Òun ni wọ́n fi fá orí mi. Òun ni wọ́n fi fá orí gbogbo ọmọ àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí bàbá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ọ̀jọ́ níbẹ̀. Etí rẹ̀ ti di. Bí a kò bá pariwo sí i létí, a ó tẹ ọ̀rọ̀ sí i lórí fóònù kékeré rẹ̀, òun náà yóò sì tẹ èsì, nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mẹta kí lẹ́tà kan tó jáde. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í fi í gùn.

Nígbà tí mo lọ sọ fún un pé ọmọ ti dé, ó mú ọwọ́ mi méjèèjì, ó sì fi wọ́n bo ojú ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èmi ni n ó fá a. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni."

Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi. Ó ń fún ọmọ lọ́yàn. Kò gbójú sókè.

"Bàbá? Abẹ? Lórí àwùjẹ̀ yìí?"

"Ọwọ́ wọn kì í gbọ̀n."

"Mi ò bá ọwọ́ Bàbá wí. Abẹ yẹn ni mò ń bá wí. Ọjọ́ wo ni wọ́n ti lò ó mọ?"

"Wọ́n á pọ́n ọn."

"Kílípà wà nílé. Sísọ́ọ̀sì kékeré wà nínú báàgì mi."

Mo sọ fún un pé kì í ṣe àwa nìkan ló dúró fún ọdún méje. Ó fi ìka kan yí àwùjẹ̀ ọmọ náà ká láìfọwọ́ kàn án.

"Ó dáa," ó ní. "Orí tiyín ni wọ́n á kọ́kọ́ fá. Lójú mi báyìí. Bí mo bá rí ẹ̀jẹ̀, kó kéré bí orí abẹ́rẹ́ o, abẹ yẹn ò ní kan ọmọ mi. Ẹ ò sì ní bínú sí mi."

"Mo gbà."

"Ẹ sọ ọ́ dáadáa."

"Mo gbà, n kò ní bínú."

Lọ́jọ́ kẹfà, mo padà sí Ọ̀jọ́ lọ bá bàbá mi. Ó ti fa àpótí rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Abẹ wà níbẹ̀ nínú aṣọ tí ó fi òróró pa. Awọ gígùn tó máa ń na abẹ sí lẹ́yìn tó bá ti pọ́n ọn wà níbẹ̀. Ó yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́ wọn sílẹ̀, ó sì tún fọwọ́ wá ìsàlẹ̀ àpótí kiri.

"Òkúta mi dà?" ó bi mí.

Ní ọdún tí omi òjò wọ yàrá rẹ̀, èmi ni mo kó ẹrù rẹ̀. Mo rántí òkúta náà dáadáa: ó dúdú, ó rí pẹlẹbẹ, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àárín rẹ̀ sì ti jẹ wọnú díẹ̀. Mo rò pé èérún ilé tó wó ni. Mo dà á pọ̀ mọ́ ẹrẹ̀ àti ìwé tó ti rà, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ fún akólẹ̀.

"Bàbá, n kò mọ ibi tó wà!"

Igbe ni mo fi sọ ọ́, nítorí etí rẹ̀. Ẹni tó bá ń purọ́ fún ẹni tí etí rẹ̀ di, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń fọ aṣọ lẹ́yìn ilé gbójú sókè lójú fèrèsé, ó wò mí, ó sì padà sí aṣọ rẹ̀.

Bàbá mi wò mí títí. Ó ní, bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kí n wá òmíràn lọ. Mo mú abẹ náà dání. Mo ní ìyàwó mi fẹ́ fi sípíríìtì nù ún. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé n ó pọ́n abẹ náà fúnra mi kí bàbá mi tó dé ilé wa ní Ìbà, kí ó má baà sí ìdí fún un láti tún béèrè òkúta lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí mo ti gun ọ̀kadà dé Okokomaiko ni mo tẹ ìbéèrè sí i pé irú òkúta wo ni kí n rà. Èsì rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mẹ́jọ yẹn.

Òkúta mẹ́ta ló wà lórí àtẹ ìyá náà, láàárín àdá, ọkọ́ àti ṣíbí bíríkìlà. Ọ̀kan pupa bí búlọ́ọ̀kù alámọ̀. Ọ̀kan funfun ràkọ̀ràkọ̀, ó ń dán, ó jọ ọṣẹ. Ìkẹta dúdú, ó ti gbó, igun rẹ̀ kan sì ti kán. Mo fi ìka pa pupa, ó rí ṣákaṣàka bí iyẹ̀pẹ̀. Mo fi ìka pa dúdú, igun tó kán náà sì ha mí lára. Mo fi ìka pa funfun, ó ń yọ̀ bí ìsàlẹ̀ àwo. Mo tún padà sí dúdú. Mo tún padà sí funfun.

"Ááfà," ìyá náà pè mí, ohùn Ẹ̀gbá sì dùn lẹ́nu rẹ̀, "ẹ ti fọwọ́ pa òkúta yìí débi pé ó ku kí ẹ wá san owó orí rẹ̀."

"Ìyá, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ ṣìṣe ni."

"Kí lẹ fẹ́ fi pọ́n?"

"Abẹ ni."

"Abẹ kẹ̀? Orí ta lẹ fẹ́ fá?"

"Orí ọmọ tuntun."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Háà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín o. Ti àdá ni mo mọ̀, ti ọ̀bẹ ni mo mọ̀. Ti abẹ, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó rán yín."

Mo na fóònù sí i. Ó tì í jìnnà sí ojú rẹ̀, ó sì kà á sókè: "Èyí tí kò mú ni kí o rà." Bí èmi náà ṣe kà á nìyẹn. "Ó ti là á fún yín nù-un. Èyí tí kò mú. Dúdú yẹn mú, ó ha yín lọ́wọ́ níṣojú mi. Pupa yẹn mú jù fún orí ọmọ. Funfun yìí ni tiyín."

Ó bọ́gbọ́n mu lójú mi. Òkúta tó mú ni ti àdá, èyí tí kò mú ni ti orí ọmọ. Mo sanwó, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lẹ́yìn ìrun Alásàrí, mo jókòó sẹ́yìn ilé wa ní Ìbà, mo da omi sí òkúta funfun náà. Omi náà rá. Mo tún dà á, ó tún rá. Mo rò pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ nítorí pé ó jẹ́ tuntun. Mo tẹ́ abẹ lé e bí mo ṣe máa ń rí bàbá mi tó ń ṣe nígbà èwe mi: ẹ̀yìn abẹ àti ojú rẹ̀ lórí òkúta pọ̀, kí a tì í síwájú, kí a yí i padà láti ẹ̀yìn, kí a fà á wálé. Omi dúdú jáde. Inú mi dùn sí omi dúdú náà, mo rò pé àìmú abẹ ló ń ṣàn lọ. Nígbà tí mo fi abẹ náà kan irun apá mi, irun náà gé. Ó dún ṣàà díẹ̀ bó ṣe ń gé e, n kò sì ka ìyẹn sí.

Ọjọ́ keje, láàárọ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n mi dé ẹnu ọ̀nà wa. Ó kọ́kọ́ lọ wo ọmọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí n jókòó. Ìyàwó mi gbé àga tirẹ̀ sí apá ọ̀tún mi, ó mú òwú funfun dání, ọmọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá mi na abẹ sí awọ, lọ, bọ̀, lọ, bọ̀. Ó fi omi pa orí mi. Ó ní, "Bisimilahi," ó sì gbé abẹ lé òkè etí mi.

Mo mọ̀ kí ó tó rìn tó ìka méjì. Abẹ bàbá mi kì í dún lórí ènìyàn. Ní kékeré mi, mo máa ń sùn lọ nígbà tó bá ń fá orí mi. Èyí ń tu irun, bí ìgbà tí ènìyàn ń tu ìyẹ́ adìẹ tí omi rẹ̀ kò gbóná tó. Bàbá mi kò lè gbọ́ ọ. Mo di àga mú. Mo ń sọ nínú ọkàn mi pé, Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kó ṣẹ̀jẹ̀, má jẹ̀ẹ́ kó ṣẹ̀jẹ̀. Ohun kan tó gbóná sì ṣàn wá sẹ́yìn etí mi.

Ìyàwó mi dìde lórí àga rẹ̀. Ó tẹ òwú mọ́ ibẹ̀, ó sì nà án sí iwájú mi. Pupa rẹ̀ fẹ̀ ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

"Ó tán," ó ní.

Bàbá mi rí òwú náà. Kò wo òwú náà pẹ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló wò, ọwọ́ ọ̀tún, ó ṣí i, ó pa á dé, bí ẹni tó ń wo ohun tó yá ẹlòmíràn tí wọ́n bà jẹ́ fún un. Mo ti rí ojú bàbá mi níbi ìsìnkú, mo ti rí i nígbà àìsàn. N kò rí ojú yẹn rí. Ó rò pé òun ni.

Lẹ́yìn náà ló gbé abẹ lọ sí ojú fèrèsé, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀.

"Ó ti hu eyín," ó ní. "Ta ló pọ́n abẹ yìí?"

Mo na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé kéwú. Mo lọ gbé òkúta wá. Bàbá mi ki ìka bọ inú abọ́ omi, ó jẹ́ kí ẹ̀kán kan bọ́ sórí òkúta náà. Ìgbà náà ni mo rántí pé mo ti rí i tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní àìmọye ìgbà nígbà tí mo wà ní kékeré, kí ó tó pọ́n ohunkóhun. Mo máa ń rò pé àdúrà ni. Ẹ̀kán omi náà tẹ́, ó ṣú, ó sì wọlé lọ kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó mu," bàbá mi ní. "O rí i? Ó ń mu. Òkúta tó ń mu omi, inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, yanrìn rẹ̀ ló ń bọ́ tó ń gé ojú abẹ jẹ. Mo kọ ọ́ sí ọ: èyí tí kò mu."

Èyí tí kò mu. Kì í ṣe èyí tí kò mú.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níhìn-ín pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo fi ń jẹun, nítòsí géètì yunifásítì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé iṣẹ́ Yorùbá wá, tó ní kí n fi àmì sí i, èmi a máa rojọ́ pé àmì ń jẹ àkókò, ẹni tó bá gbédè yóò ṣáà yé e. Bẹ́ẹ̀ ilé kéwú ló sì tọ́ mi. Ááfà wa máa ń fi pàṣán kan pátákó, á ní àmì kan ṣoṣo lè sọ ẹni tó pa ènìyàn di ẹni tí wọ́n pa. Mo gbọ́ ọ fún ọdún mẹ́jọ. Mo rò pé ti èdè Lárúbáwá nìkan ni.

Mo yíjú sí ìyàwó mi. "Òkúta ló ṣe é. Kì í ṣe ọwọ́ Bàbá."

"Mo gbọ́."

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i."

"A ti ṣàdéhùn. Ẹ ní ẹ ò ní bínú."

"N kò bínú. Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀."

Ó wo bàbá mi, tó ti ká abẹ wọ èkù, tó ń fi aṣọ wé e pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní tún tú u mọ́. Ọmọ yíra lẹ́yìn ìyàwó mi.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré," ó ní. "Ọ̀la, lẹ́yìn Àsùbáà, kí àlejò tó dé. Orí yín náà ni. Bí ó bá tún rí bí ti òní, mi ò ní fẹ́ gbọ́ pé òkúta, mi ò ní fẹ́ gbọ́ pé àmì."

Mo fi fìlà bo òwú tó wà lẹ́yìn etí mi, mo fo lé ọ̀kadà. Kí a tó dé títì ńlá, ojú ọ̀run ti ṣú dúdú láti apá Ìjanikin. Atẹ́gùn ń gbé ọ̀rá àti ìwé kiri. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Okokomaiko, gbogbo ọlọ́jà ló ń kó ẹrù, ìyá náà sì ti na ọ̀rá ńlá rẹ̀ dé ìdajì àtẹ. Ó ku ibi òkúta. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sórí àdá kan, ó dún gbì.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bò ó!"

Ó wò mí bí ẹni tó rí wèrè. "Ááfà, ṣé kò sí nǹkan? Irin ni mò ń tà! Ẹ fẹ́ kó dípẹtà?"

"Ẹ bo irin. Òkúta nìkan ni kí ẹ jẹ́ kí òjò pa."

"Ẹ bá òjò sọ ọ́. Ẹ ní òkúta nìkan ni kó pa."

Ṣùgbọ́n ó dúró. Ó di ọ̀rá náà mú lókè orí irin rẹ̀, èmi sì tẹ̀ba síwájú òkúta mẹ́ta. Òmíràn tó funfun ti rọ́pò èyí tí mo rà, òkúta aláwọ̀ eérú kékeré kan sì ti kún un. Òjò bọ́ sórí pupa, ibi tó bọ́ sí ṣú, ó sì rá. Ó bọ́ sórí funfun, ó rá. Eérú náà gbé e mì bí ẹni tó gbààwẹ̀. Mo wá dúdú, n kò rí i.

"Ìyá! Dúdú àná dà? Èyí tí igun rẹ̀ kán?"

"Mo ti lò ó."

"Ẹ ti tà á?"

"Mo ní mo ti lò ó! Ṣé ẹ ò rí ohun tí ọ̀rá mi fi dúró?"

Orí igun ọ̀rá náà ni ó wà, ó fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e. Òjò ti ń bọ́ sí i. Ẹ̀kán mẹ́ta, mẹ́rin, jókòó lórí rẹ̀ gbúlúgbúlú bí omi lórí ewé kókò. Wọn kò tẹ́, wọn kò rá. Mo ka Subihanalahi mẹ́tàlélọ́gbọ̀n pẹ̀lú oríkèé ìka mi. Omi náà ṣì wà níbẹ̀. Òjò ń wọ̀ mí lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn etí mi ń bá a ṣàn, n kò sì lè dìde. Òkúta tó ha mí lọ́wọ́, tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀ ọ́!

"Èyí gan-an ni," mo ní.

"Ti àná ńkọ́?"

"Ó wà nílé."

"Ìyàwó kejì nìyẹn o, Ááfà!" Ó bú sẹ́rìn-ín nínú òjò náà. Ó fi kóńdó ọkọ́ kan rọ́pò òkúta lórí ọ̀rá rẹ̀, ó sì sọ fún mi pé lára ẹrù káfíńtà àgbà kan tó kú ní Ìjanikin ni wọ́n ti kó o wá fún òun. Mo tọrọ ìdáríjì fún òkú náà níbẹ̀.

Bàbá mi gba òkúta náà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó fi èékánná fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì dojú igun tó kán náà kọ ibi tí abẹ kò ní dé. Ó kán omi sí i. Omi náà dúró. Ó dì í mú bẹ́ẹ̀ níwájú ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wò ó, lẹ́yìn náà ló jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ eyín tí mo fi sí ẹnu abẹ rẹ̀. Iṣẹ́ náà gba gbogbo ọ̀sán. Èmi ni mò ń kán omi.

Mo jókòó níbẹ̀, n kò sì lè fara dà á mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí mo lè fi igbe sọ, nítorí ilé kún. Mo mú fóònù mi, mo tẹ ọ̀rọ̀ sí i, èmi tí mo jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Baba, emi ni mo da okuta yin nu lojo ti omi wo yara yin. Mo puro fun yin. E foriji mi." Fóònù rẹ̀ gbọ̀n nínú àpò. Ó nu ọwọ́, ó yọ ọ́, ó kà á. Mo wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

"Mo mọ̀," ó ní, láìwò mí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ sọ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an."

Mo súnmọ́ etí rẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ fi tún béèrè lọ́wọ́ mi?"

"Mo béèrè kí o lè sọ ni." Ó fi abẹ padà sórí òkúta. "Kán omi."

Mo kán omi.

Ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn Àsùbáà, mo tún jókòó sórí àga náà. Ìyàwó mi tún mú òwú. Ó ti fi sípíríìtì nu abẹ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, ibi tí kò sí ọgbẹ́. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé kò tíì bẹ̀rẹ̀, títí irun fi bẹ̀rẹ̀ sí í já sí itan mi. Nígbà tó parí, ìyàwó mi fi òwú nu gbogbo orí mi, iwájú, ẹ̀yìn, ìdí etí. Ó gbé òwú náà sí ìmọ́lẹ̀ iná. Ó yí i padà. Funfun ni.

Ó tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú.

Bàbá mi fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pa irun náà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Irun dúdú náà ń ṣí kúrò, orí kékeré náà ń yọ bí ohun tí a ń ṣí aṣọ kúrò lójú rẹ̀. Ọ̀tún tán. Òsì tán. Ẹ̀yìn tán. Ó ku àárín. Àwùjẹ̀ náà ń lọ sókè, ó ń lọ sódò. Bàbá mi gbé abẹ kúrò, ó dúró. Ó ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ fò wọ inú okùn tí àwọn ọmọ ń jù. Ètè ìyàwó mi ti funfun. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń ka Kuliwalahu lẹ́nu ọ̀nà. Bí àwùjẹ̀ náà ṣe sọ̀kalẹ̀, abẹ kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò wúwo ju atẹ́gùn lọ, ó sì ti dé òdìkejì kí ó tó gòkè padà. Ó tún dúró. Ó tún kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ọmọ náà la ojú. Ó ya ẹnu, ó ń fi í wá nǹkan lápá ọ̀tún, lápá òsì. Ìyàwó mi fi òwú nu orí náà, ó wo òwú, ó tún fi ìka òfìfo rẹ̀ wá gbogbo ibẹ̀ kiri. Lẹ́yìn náà ló gbé e sí àyà láìbìkítà fún ẹni tó wà níbẹ̀, omijé sì ń já bọ́ sórí orí tuntun náà.

Bàbá mi kò gbọ́ ohunkóhun, kò sì mọ ohun tí omijé náà túmọ̀ sí. Ó di abẹ mú lókè, ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀. "Ṣé ó mú?" ó bi ìyàwó mi. "Àbí kò mú?"

Ìyàwó mi wo ẹnu ọmọ tó ti gbá ọmú mú.

"Ó ń mu, Bàbá!" ó pariwo sí i létí. "Ó ń mu!"